Ta Ló Ni Àwòrán Tó Wà Nínú Kọ̀ǹpútà Yín?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ̀rọ̀ tòní kọ́kọ́ kàn, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ ayàwòrán-ilé. Lẹ́yìn yín ni ó kan òbí tó ń sanwó, àti ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbé iṣẹ́ ilé fún yín lọ́jọ́ iwájú.

Nígbàkígbà tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga bá ń gba ọmọ tuntun wọlé, àwọn òbí máa ń béèrè pé: "Ọmọ mi ti rí ààyè nínú ẹ̀kọ́ ìyàwòrán ilé. Láptọ́ọ̀pù wo ni kí n rà fún un?" Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti dá ara wọn lóhùn kí òbí tó béèrè. Mac ni wọ́n ń fẹ́. Èmi ò sì jẹ́ pè é ní fáàrí. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2020 tí Apple ti gbé ṣíìpù M1 jáde ni láptọ́ọ̀pù wọn kì í ti í gbóná bọ̀rọ̀ mọ́, tí bátìrì rẹ̀ sì lè gbé ẹni tó ń kàwé láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó ń gbé níbi tí iná ti ń ṣe ségesège, tó ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ kó tó lè parí iṣẹ́ àṣetiléwá, mọ iyì bátìrì bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọmọ á dé kíláàsì, olùkọ́ á ní Revit ni wọn yóò lò ní sáà yìí. Kò sì sí Revit fún Mac. Láti ọdún 2000 tó ti bọ́ sọ́jà títí di òní, Windows nìkan ni wọ́n ń kọ ọ́ fún. Owó ti jáde lápò bàbá, ẹ̀rọ tó dára ti wà nílẹ̀, irinṣẹ́ iṣẹ́ kò sì lè wọ inú rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nìyí: kí ló fà á, ta ló jẹ̀bi, kí sì ni ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn lè ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé Revit fún ẹ̀yin tí ẹ kò sí nínú iṣẹ́ náà, nítorí ẹni tí kò bá mọ ohun tó ń ṣe kò ní mọ ìdí tí àwọn èèyàn fi ń sanwó rẹ̀. Bí ayàwòrán-ilé bá fi pẹ́ńsù fa ògiri sórí pépà, ìlà méjì ni ògiri yẹn. Nínú sọ́fítíwíà AutoCAD pàápàá, ìlà náà ló sábà máa ń jẹ́. Nínú Revit, ògiri mọ̀ pé ògiri ni òun. Ó mọ bí òun ṣe ga tó, bí òun ṣe nípọn tó, ó mọ búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi mọ òun àti sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ òun. Bí ẹ bá yọ fèrèsé kan kúrò nínú pílánù, fèrèsé yẹn á kúrò nínú àwòrán iwájú ilé, á kúrò nínú àwòrán tó la ilé sí méjì kí a lè rí inú rẹ̀, iye fèrèsé á sì fi ẹyọ kan dín nínú àkọsílẹ̀ tí ẹni tó ń ṣírò owó ilé máa lò. Ẹnjiníà tó ń ṣe òpó àti ẹni tó ń ṣe páìpù omi lè ṣiṣẹ́ lórí àwòrán kan náà. Bí páìpù bá fẹ́ gba inú òpó kọjá, wọ́n á rí i lójú kọ̀ǹpútà kí bíríkìlà tó rí i lórí ilẹ̀.

Leonid Raiz àti Irwin Jungreis ló dá ilé-iṣẹ́ tó kọ Revit sílẹ̀ ní ọdún 1997, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2002, Autodesk tó ni AutoCAD fi mílíọ̀nù 133 dọ́là ra ilé-iṣẹ́ náà. Látìgbà náà ni Revit ti ń tàn kálẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2016, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di dandan pé iṣẹ́ ìkọ́lé tí ìjọba àpapọ̀ bá gbé jáde gbọ́dọ̀ bá irú àwòrán tó mọ ara rẹ̀ yìí rìn. Ìjọba kò dárúkọ sọ́fítíwíà kankan. Ṣùgbọ́n nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá ti wà lórí Revit, ẹni kékeré tó fẹ́ bá wọn ṣiṣẹ́ kò ní ọ̀nà mìíràn ju kó lọ gba Revit. Ọmọ Yorùbá tó bá ń wá iṣẹ́ ayàwòrán-ilé ní Lọ́ńdọ̀nù lónìí máa ń rí orúkọ yẹn léraléra nínú ìkéde iṣẹ́.

Kí ló dé tí Mac kò fi lè ṣí Revit? Kò sí sọ́fítíwíà tó ń dá ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá fẹ́ ya nǹkan sójú kọ̀ǹpútà, bó bá fẹ́ tọ́jú fáìlì, bó bá fẹ́ gba ohun tí ẹ tẹ̀, ètò ìpìlẹ̀ tó wà nínú ẹ̀rọ ni yóò ké sí. Ọ̀nà tí Windows ń gbà jẹ́ ìpè yàtọ̀ sí ti Mac. Revit ń lo DirectX, tí í ṣe ti Microsoft, láti fi gbé ilé sójú ẹni. Lórí Mac, Metal ni Apple ń lò láti ọdún 2015. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń kọ àfikún sí Revit, àwọn tó ń ṣírò irin inú kọnkéré tàbí agbára iná tí ilé máa jẹ, .NET ti Microsoft ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Wọ́n ti mọ ilé yìí dé òrùlé sórí ìpìlẹ̀ kan. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ lórí ìpìlẹ̀ mìíràn ní láti tún apá púpọ̀ nínú rẹ̀ mọ.

Mo gbà pé iṣẹ́ ńlá ni. Mi ò ní fojú kéré rẹ̀ nítorí pé mo fẹ́ jàre. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ti ṣe é, Autodesk fúnra rẹ̀ sì wà lára wọn.

Ọdún 1982 ni John Walker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Autodesk sílẹ̀ ní California. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, wọ́n gbé AutoCAD lọ sí ìpàtẹ COMDEX ní Las Vegas. Kó tó dìgbà náà, ẹ̀rọ ńlá olówó gegere ni ilé-iṣẹ́ fi ń ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Àwọn ọkùnrin wọ̀nyí gbé e wá sórí kọ̀ǹpútà kékeré tí ọ́fíìsì ẹlẹ́ni méjì lè rà. Oore ńlá ni, ó sì yẹ kí a dúpẹ́ rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọdún 1980 ń parí lọ, AutoCAD wà fún Mac. Nígbà tó di àárín àwọn ọdún 1990, tí Apple ń gbọ̀n, tí ọjà Windows sì ń gbòòrò, wọ́n pa ti Mac tì. Ó di oṣù kẹwàá ọdún 2010 kó tó padà. Padà tó padà náà, kò padà tán: àkójọ irinṣẹ́ àkànṣe tí wọ́n ṣe fún àwọn ayàwòrán-ilé wà nínú AutoCAD ti Windows, kò sí nínú ti Mac, bí wọ́n tilẹ̀ ń pe méjèèjì ní orúkọ kan náà. Ọdún 2023 ni èyí tó ń bá ṣíìpù tuntun Apple ṣiṣẹ́ tààrà, láìgba ọwọ́ sọ́fítíwíà ògbufọ̀, jáde.

Ìtàn tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí wá láti ìlú Budapest. Ní ọdún 1982 kan náà, nígbà tí Hungary ṣì wà lábẹ́ ìjọba Kọ́múnísì, onímọ̀ físíìsì kan tó ń jẹ́ Gábor Bojár dá Graphisoft sílẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ni yíya páìpù ilé-iṣẹ́ iná átọ́míìkì tó wà ní Paks, kí ẹni tó ń fi páìpù lélẹ̀ lè mọ ibi tí ọ̀kan ti máa kan èkejì. Àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn ti fòfin de títa kọ̀ǹpútà alágbára fún àwọn orílẹ̀-èdè Kọ́múnísì, nítorí náà ẹ̀rọ kékeré ni wọ́n ń lò. Ọwọ́ wọn wá mọ́ ọn láti fún iṣẹ́ ńlá pọ̀ sínú ẹ̀rọ kékeré. Níbi ìpàtẹ kan ní Hannover ní Jámánì ni Apple ti rí iṣẹ́ ọwọ́ wọn, ó sì tì wọ́n lẹ́yìn. Bí ArchiCAD, sọ́fítíwíà ìyàwòrán-ilé ti Graphisoft, ṣe bẹ̀rẹ̀ lórí ẹ̀rọ Apple nìyẹn ní àárín àwọn ọdún 1980. Ní Maryland ní Amẹ́ríkà, Richard Diehl gbé sọ́fítíwíà MiniCAD jáde ní ọdún 1985, orí Mac lòun náà ti bẹ̀rẹ̀. Òun ni a mọ̀ sí Vectorworks lónìí.

Ẹ wo ohun tí àwọn méjèèjì ṣe nígbà tí Windows gba ọjà mọ́ Mac lọ́wọ́ ní àwọn ọdún 1990. Wọn ò ní kí oníbàárà tó ń lo Windows lọ wá Mac rà. Wọ́n jókòó, wọ́n kọ ti Windows. Kò sì sí èyí tó pa Mac tì nínú wọn. Lónìí, ẹni tó ń lo Mac àti ẹni tó ń lo Windows lè jókòó sí ọ́fíìsì kan náà kí wọ́n jọ máa ṣiṣẹ́ lórí ilé kan nínú ArchiCAD, kí ẹnì kan má tilẹ̀ mọ ẹ̀rọ tí èkejì ń lò. Sọ́fítíwíà Rhino tí wọ́n ń kọ ní Seattle, Windows nìkan ni wọ́n kọ ọ́ fún fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n fi sùúrù kọ ti Mac, wọ́n jẹ́ kí àwọn tó ń lò ó máa dán an wò bí wọ́n ti ń kọ ọ́, wọ́n sì gbé e jáde ní ọdún 2015. Àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí kò tó Autodesk lówó, wọn kò sì tó o lérò. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ìpinnu ni àìsí Revit lórí Mac. Ilé-iṣẹ́ náà ṣírò, ó rí i pé ẹni tó nílò Revit kò ní ṣàì ra Windows, bó fẹ́ bó kọ̀. Nígbà tí oníbàárà kò bá ní ibi tí yóò sá lọ, kò sí ohun tó ń lé ọlọ́jà láti na owó nítorí rẹ̀.

Èmi kì í ṣe agbẹjọ́rò Apple o. Apple ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti jẹ́. Ní ọdún 1994, ó yí ṣíìpù inú Mac padà sí PowerPC. Ní 2006, ó tún yí i padà sí ti Intel. Ní 2020, ó yí i padà sí tirẹ̀. Nígbàkígbà tó bá yí i, ẹni tó ti kọ sọ́fítíwíà fún Mac á padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní 2018, ó kéde pé òun ń pa OpenGL tì, bẹ́ẹ̀ OpenGL ni ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà àwòrán fi ń yàwòrán sójú kọ̀ǹpútà. Ní 2019, Mac kọ̀ láti ṣí gbogbo sọ́fítíwíà àtijọ́ tí wọ́n kọ lọ́nà 32-bit. Microsoft kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Sọ́fítíwíà tí wọ́n kọ fún Windows ní ogún ọdún sẹ́yìn ṣì lè ṣí lónìí. Ẹni tó ń kọ irinṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ máa fi ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá kì í fẹ́ ká máa fa ẹní nídìí òun lemọ́lemọ́. Bí àwọn tó ń darí Apple bá fẹ́ kí irinṣẹ́ iṣẹ́ ńlá wá sórí Mac, àwọn náà ní láti kọ́ bí a ti ń dúró sójú kan.

Fún bí ọdún mẹ́rìnlá, ọ̀nà àbùjá kan wà tó dára gan-an. Ní ọdún 2006 tí Mac bẹ̀rẹ̀ sí í lo ṣíìpù Intel, Apple gbé Boot Camp jáde. Ẹ lè fi Windows gidi sínú Mac yín, kí ẹ sì yan èyí tí ẹ fẹ́ nígbà tí ẹ bá tan ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán-ilé ló fi ọ̀nà yẹn lo Revit lórí Mac láìsí wàhálà. Nígbà tí M1 dé, Boot Camp kò bá a dé. Ohun tó kù ni sọ́fítíwíà bíi Parallels, tó máa ń jẹ́ kí Windows jókòó sínú fèrèsé kan lórí Mac. Microsoft fọwọ́ sí i ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 pé Windows 11 lè gba ibẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí ṣíìpù Apple. Ṣùgbọ́n irú Windows tí wọ́n ṣe fún irú ṣíìpù ti Apple yìí, tí à ń pè ní ARM, ni, Revit kò sì mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ògbufọ̀ kan á máa tú èdè Revit fún Windows yẹn, Parallels náà á sì máa ṣe tirẹ̀ láàárín Windows àti Mac. Ilé kékeré lè ṣí. Ilé alájà púpọ̀ tó ní páìpù àti wáyà nínú á mú ẹ̀rọ wúwo, ó sì lè pa dé lójijì. Autodesk ti sọ ọ́ pé àwọn kò ṣe onígbọ̀wọ́ fún irú ìlò bẹ́ẹ̀ lórí ṣíìpù Apple. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ yín ní òru ọjọ́ tí ẹ fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀yin nìkan lẹ ni ín.

Ọ̀nà kejì ni kí ẹ yá kọ̀ǹpútà Windows tó wà níbòmíràn, kí ẹ máa gba orí íntánẹ́ẹ̀tì darí rẹ̀. Àwọn ọ́fíìsì ńlá ní Lọ́ńdọ̀nù àti New York ń lo irú rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ti í já. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi fóònù pín dátà sí láptọ́ọ̀pù ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò lè gbọ́kàn lé e. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá fà sẹ́yìn díẹ̀, atọ́ka tí ẹ sún sápá òsì á ṣì dúró sápá ọ̀tún, ọwọ́ yín á sì máa ṣìnà lórí ògiri tí ẹ ń fà.

Mo ti ń sọ̀rọ̀ nípa kọ̀ǹpútà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó ń dùn mí jù. Kọ̀ǹpútà ṣeé tà, ó ṣeé pààrọ̀. Fáìlì ni ìdè gidi wà nínú rẹ̀. Ilé tí ẹ fi oṣù mẹ́fà yà nínú Revit, inú fáìlì Revit ló wà, Revit nìkan ló sì lè ṣí i ní pípé. Láti ọdún 2016, Autodesk kò ta sọ́fítíwíà rẹ̀ ní àrà-pa mọ́. Yíyá ni, ọdọọdún sì lowó ń lọ. Owó Revit fún ọdún kan ní Amẹ́ríkà ju 2,000 dọ́là lọ. Ẹ fi náírà ṣe é, kí ẹ wo ọ́fíìsì kékeré tó ní òṣìṣẹ́ mẹ́rin ní Ìbàdàn. Ọdún tí owó yẹn kò bá sí, àwòrán tí wọ́n fi òógùn ojú wọn yà á wà nínú láptọ́ọ̀pù wọn, wọn ò sì ní lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Òmíràn tún wà níbẹ̀: fáìlì tí ẹnì kan bá ti fi Revit tọdún yìí ṣí, tó sì fi pamọ́, kò lè ṣí mọ́ nínú Revit tọdún tó kọjá. Ẹyọ ẹnì kan lára àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ló máa sáré, gbogbo yín lẹ máa sáré tẹ̀ lé e.

Kí ẹ má rò pé àwa tálákà nìkan ló ń ráhùn. Ní oṣù keje ọdún 2020, àwọn ilé-iṣẹ́ ayàwòrán-ilé ńlá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ilé-iṣẹ́ Zaha Hadid Architects wà lára wọn, kọ lẹ́tà ìta gbangba sí Andrew Anagnost tó jẹ́ ọ̀gá àgbà Autodesk. Ohun tí wọ́n sọ ni pé owó Revit ń gòkè ṣùgbọ́n Revit fúnra rẹ̀ kò tẹ̀ síwájú tó, àti pé ó ṣòro fún iṣẹ́ wọn láti bá sọ́fítíwíà mìíràn sọ̀rọ̀. Bí àwọn tí wọ́n ń ya pápákọ̀ òfurufú àti ilé ìṣeré ńláńlá kò bá ní agbára láti mú olówó irinṣẹ́ yí ọ̀rọ̀ padà lẹ́ẹ̀kan, ẹ rò ó wò, kí ni akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì lè ṣe?

Ọ̀nà àbáyọ kan ti wà nílẹ̀ tipẹ́tipẹ́. IFC ni wọ́n ń pè é. Ó jẹ́ irú fáìlì tí kò sí ilé-iṣẹ́ kan tó dá ni ín, tó ń tọ́jú ògiri gẹ́gẹ́ bí ògiri, tó ń tọ́jú ilẹ̀kùn gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀kùn, tí sọ́fítíwíà oríṣiríṣi sì lè kà. Ní ọdún 1994 ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, Autodesk gan-an ló sì pe àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù jọ nígbà náà. Ẹgbẹ́ tí a mọ̀ sí buildingSMART ló ń bójú tó o báyìí, ó sì ti wọ ìlànà àgbáyé ISO, nọ́ńbà rẹ̀ ni 16739. Kò pé. Bí ẹ bá gbé ilé láti Revit sínú IFC, kí ẹ tún gbé e sínú ArchiCAD, àtẹ̀gùn lè dé bí òkúta kan ṣoṣo tí kò ṣeé tún ṣe, àwọn nǹkan kan á sì sọnù lọ́nà. Síbẹ̀, ó sàn ju kí ilé tì pa mọ́ inú fáìlì ẹlẹ́nìkan lọ. Ohun tó ń mú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbóná ni pé kí oníbàárà máa béèrè rẹ̀. A rí àpẹẹrẹ rẹ̀ lára DWG, fáìlì AutoCAD. Ní ọdún 1998, àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn para pọ̀ láti wádìí bí wọ́n ṣe máa ka fáìlì náà fúnra wọn. Ọpẹ́lọpẹ́ iṣẹ́ yẹn, a ní BricsCAD láti ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, tó ń ṣí DWG lórí Windows, lórí Mac, àti lórí Linux tí AutoCAD kò fojú wò rí. Nígbà tí fáìlì ṣí sílẹ̀, kọ̀ǹpútà tí èèyàn fẹ́ràn kò jẹ́ ìdènà fún un mọ́.

Ohun tí mo bẹ àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa ni pé kí wọ́n kọ́ ọmọ ní iṣẹ́, kí wọ́n má fi máàkì so ọmọ mọ́ sọ́fítíwíà kan. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi ArchiCAD tàbí Vectorworks ya ilé tó dúró dáadáa, tó sì fi IFC àti PDF rẹ̀ sílẹ̀, kí ló kù tí olùkọ́ fẹ́ wò? Mo tún bẹ ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán-ilé ní Nàìjíríà, àti àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń gbé iṣẹ́ jáde: ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ẹni tó bá ya ilé ìwòsàn tàbí ilé ẹ̀kọ́ fún yín gbọ́dọ̀ fi fáìlì IFC lé yín lọ́wọ́. Ilé ìwòsàn á lò tó àádọ́ta ọdún. Ta ló mọ̀ bóyá Revit á ṣì wà nígbà náà?

Ó ku ẹ̀yin òbí tí ẹ fẹ́ ra láptọ́ọ̀pù. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ bá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ọmọ yín, kí ẹ béèrè sọ́fítíwíà tí wọ́n ń lò láti ọdún kìíní títí dé ọdún tí wọ́n máa ṣe tán. Ẹ bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti wà níwájú, torí wọ́n mọ̀ ju ohun tí ìwé sọ lọ. Bó bá jẹ́ Revit ló wà nínú rẹ̀, Windows ni kí ẹ rà, ì báà jẹ́ tòkunbọ̀ láti Computer Village ní Ìkẹjà, kí ẹ sì rí i pé ràámù rẹ̀ kò dín sí 16GB. Bó bá jẹ́ ArchiCAD, Vectorworks, SketchUp tàbí Rhino ni, Mac tí ọmọ ń fẹ́ á ṣiṣẹ́ fún un dáadáa. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ gba ayédèrú sọ́fítíwíà láti ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Autodesk àti Graphisoft ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní tiwọn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wà lẹ́nu iṣẹ́, iṣẹ́ kan wà tí ẹ lè ṣe lálẹ́ òní. Ẹ mú ilé kan tí ẹ ti yà parí, kí ẹ gbé e jáde ní IFC. Lẹ́yìn náà, ẹ gba Blender, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux, kí ẹ fi àfikún rẹ̀ tó ń jẹ́ Bonsai sí i, kí ẹ fi ṣí fáìlì yẹn. Ẹ ka ilẹ̀kùn, ẹ ka fèrèsé, ẹ wo àtẹ̀gùn bó bá ṣì jẹ́ àtẹ̀gùn, ẹ wọn gígùn yàrá kan kí ẹ wò ó bóyá ó bá tiyín mu. Ohun tó bá sọnù, ẹ padà sínú sọ́fítíwíà tí ẹ fi yà á, kí ẹ tún un ṣe níwọ̀n ìgbà tí owó ọdún yìí kò tíì tán lórí rẹ̀, kí ẹ sì tún un gbé jáde. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo iṣẹ́ tí ẹ bá ń parí láti òní lọ, kí fáìlì méjèèjì sì máa wà pa pọ̀ nínú fódà kan náà.